Ibi Tí Kọ́bọ̀ Ti Wá

Ẹ̀yin ará Ìrẹ̀sì, ẹ̀yin ará Ọ̀tan-Ayégbajú àti Igbájọ, ẹ̀yin Ìgbómìnà nílé lóko, láti Ìlá Ọ̀ràngún dé Òkè-Ìlá, ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe ń rí i. Orúkọ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́. Bí owó bá tán lọ́wọ́ ẹnì kan, a ní kò ní kọ́bọ̀. Bí akápò ẹgbẹ́ bá ń ṣírò owó níwájú ọmọ ẹgbẹ́, á ní kọ́bọ̀ kan ò sọnù níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kàn á búra pé òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́ yìí, ẹni tó mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdí ọ̀rọ̀ yẹn kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Copper ni, orúkọ irin pupa tí àwa ń pè ní bàbà. Ọ̀nà tó gbà kó tó di kọ́bọ̀ lẹ́nu wa jìn, ó sì gba ibi tí ẹ ò lérò kọjá.

Erékùṣù kan wà nínú Òkun Mẹditaréníà, nísàlẹ̀ ilẹ̀ Tọ́kì. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pè é ní Kípru. Ará ibẹ̀ ni Bánábà tó bá Pọ́ọ̀lù rìnrìn àjò ìwàásù. Sáípúrọ́ọ̀sì là ń pè é lóde òní, àwọn òbí tó rán ọmọ lọ sí yunifásítì ní apá àríwá rẹ̀ kò sì ní ṣàì mọ orúkọ náà, torí ọ̀dọ́ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, bàbà ló sọ erékùṣù yìí di olókìkí. Wọ́n ń wà á nínú ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e káàkiri etí òkun. Àwọn ará Róòmù ní ọ̀rọ̀ kan, aes, tí wọ́n fi ń pe bàbà àti àwọn irin mìíràn tí wọ́n bá fi bàbà pò. Èyí tó bá ti Kípru wá, wọ́n á ní aes Cyprium, ìyẹn ni pé aes ti Kípru. Nígbà tó yá, wọ́n yọ aes kúrò, orúkọ ìlú nìkan ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ra oúnjẹ lọ́jà kò ní bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀: ẹni tó bá ní kí wọ́n wọn Ọ̀fadà fún òun, kò sẹ́ni tó máa rò pé ìlú ló fẹ́ rà.

Cyprium yẹn ni ẹnu lọ̀ tó fi di cuprum. Inú rẹ̀ ni Jámánì ti mú Kupfer, tí Faransé ti mú cuivre, tí Gẹ̀ẹ́sì ti mú copper. Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì fi lẹ́tà méjì péré dúró fún un, Cu. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń kọ Cu sínú ìwé rẹ̀ ní Ìrẹ̀sì lónìí, orúkọ erékùṣù yẹn ló ń kọ, bí olùkọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ sọ fún un. Òyìnbó tó wá jọba lé wa lórí náà ló gba àkóso erékùṣù ọ̀hún ní 1878. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni erékùṣù náà gba òmìnira, oṣù kan ààbọ̀ kó tó kan àwa.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí ọmọ kankan má bàa rò pé ìgbà tí òyìnbó dé la tó mọ ohun tó ń jẹ́ copper. A ti ní bàbà lẹ́nu, a sì ti ní in lọ́wọ́. A mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí idẹ tí àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, a mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òjé tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń wọ̀. Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Ọ̀ràngún ti ìran wa ti wá, ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 la gbọ́ jù, a sì máa ń pe gbogbo wọn ní idẹ. Àmọ́ nínú iṣẹ́ Ifẹ̀, àwọn kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà ògidì. Ère ojú Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ láyé àtijọ́, tó tóbi tó ojú èèyàn gan-an, tí wọ́n tọ́jú sí ààfin Ọọ̀ni fún ìgbà pípẹ́, bàbà ni. Ère ọkùnrin tó jókòó tí wọ́n bá ní Tádà, abúlé Núpé létí odò Ọya, bàbà ni.

Kí ló jẹ́ kí ìyẹn jọ mí lójú tó bẹ́ẹ̀? Ẹ bi ẹni tó bá ń da irin. Idẹ, ìyẹn bàbà tí wọ́n fi síńkì pò, á yọ́ kí ooru tó dé 1,000 digirí. Bàbà ògidì ń fẹ́ nǹkan bí 1,085. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru nìkan. Bí wọ́n bá ń fi ìda ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìda ni wọ́n á kọ́kọ́ fi mọ ojú náà, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yá a níná kí ìda yọ́ jáde, kí àyè rẹ̀ ṣófo nínú amọ̀, kí wọ́n tó da irin yíyọ́ sí i. Idẹ á ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀ amọ̀ náà. Bàbà ògidì a máa lọ́ra, kì í fẹ́ ṣàn dé ibi tó tín-ín-rín, a sì tún máa fa atẹ́gùn mọ́ra, débi pé bó bá ń dì, ihò lè yọ sí i lára. Àwọn tó ṣe ojú Ọbalùfọ̀n ti ní láti mọ gbogbo èyí, kí wọ́n sì borí rẹ̀, tipẹ́ ṣáájú kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. A kò ní ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà nílẹ̀ Yorùbá. Òwò ló ń gbé e wá, láti òkè aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí òwò orí omi bẹ̀rẹ̀, ó wá ní ìrísí mánílà, ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ń ná bí owó. Ní 2023 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé mánílà tí irin rẹ̀ ti agbègbè odò Rhine ní Jámánì wá ni àwọn ará Bìní yọ́ fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn ère tí gbogbo ayé ń dù lónìí.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ copper máa wọ èdè wa, kò wá sọ orúkọ bàbà. Àyè yẹn ti ní ẹni tó jókòó sí i. Ibòmíràn ló gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà owó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fàdákà ni wọ́n fi ń rọ pẹ́nì láti ayé àtijọ́. Ní 1797 ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Matthew Boulton, ní ìlú Birmingham, fi ẹ̀rọ rọ pẹ́nì bàbà fún ìjọba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó áńsì kan. Tálákà àti mẹ̀kúnnù ló ń ná irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pe owó kékeré ní coppers. Ní 1860, ìjọba wọn yí i padà sí idẹ líle, bàbà tí wọ́n fi tánńganran àti síńkì díẹ̀ pò. Mẹ̀kúnnù kò yí orúkọ padà ní tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan náà sì wà tí wọ́n fi ń pe ọlọ́pàá lọ́hùn-ún, àwọn kan sì ń sọ pé bọ́tìnnì bàbà tó wà lára aṣọ ọlọ́pàá ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ mìíràn, cop, tó túmọ̀ sí kí èèyàn gbá nǹkan mú, ni ti ọlọ́pàá.

Àwa ńkọ́ nígbà yẹn? Owó ẹyọ la ń ná. Ẹyọ ogójì là ń sín pọ̀ sójú okùn kan, ẹgbàá ni ọ̀nà àádọ́ta okùn, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbàá ẹyọ ni wọ́n ń ṣẹ́ sí pẹ́nì mẹ́fà, ìyẹn ni pé pẹ́nì kan ṣoṣo ń gba ẹyọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ wo ìyá tó ń ru ọ̀kẹ́ owó lọ sọ́jà Ìlá, kí wọ́n wá fi ìwọ̀nba owó tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ dípò rẹ̀ fún un. Ìnira ẹrù kúrò, àmọ́ orúkọ wo ni kó pè é?

Kò pè é ní pẹ́nì. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Pẹ́nì lorúkọ tí ìjọba kọ sára owó náà, pẹ́nì ló wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ tó wọ ọjà ni èyí tí atukọ̀, oníṣòwò àti alágbàṣe ń sọ lẹ́nu. Ní Sẹrà Líónì, lédè Kírìó, kọ́pọ̀ ni wọ́n ń pe owó títí di òní, ì báà pọ̀, ì báà kéré. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sọ̀ sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé sí Bàdágìrì àti Abẹ́òkúta láti nǹkan bí 1839. Àwọn là ń pè ní Sàró. Èrò tèmi ni pé ẹnu Sàró wà lára ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé. Àwọn Hausa náà ń pè é ní kwabo.

Kí ló dé tí kì í ṣe kọ́pà, tó jẹ́ kọ́bọ̀? P tiwa kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì. Ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n la jọ ń lò pọ̀ láti pe tiwa, bí ẹ bá ń sọ pákó tàbí pẹ́pẹ́yẹ ẹ óò gbọ́ ọ. B ló sún mọ́ tiwọn jù nínú lẹ́tà wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi sọ shop di ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sọ cup di kọ́ọ̀bù. Ọ̀nà kan náà ni copper gbà.

Láti 1907 ni ìjọba ti ń rọ pẹ́nì fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n lu ihò sí láàárín, kó lè ṣeé sín bí ẹyọ. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ mi, ẹ rántí rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ funfun nígbà náà, kò pupa rárá, torí níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi pò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó di ọdún 1952 kó tó pupa. Kọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè é nígbà tó funfun, kọ́bọ̀ ni nígbà tó pupa. Ìlàjì rẹ̀ ni eépìnnì, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ni onínì. Pẹ́nì mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì, méjìlá ni ṣílè. Ẹ tún kíyè sí i: inú eépìnnì la ti gbọ́ pẹ́nì, inú owó odindi la ò ti gbọ́ ọ. Ọjà kì í béèrè lọ́wọ́ ìwé kó tó sọ nǹkan lórúkọ.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, Nàìjíríà fi pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì sílẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ṣe kọmíṣánnà ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀ títí di 1971, ni wọ́n gbà pé ó fa orúkọ náírà yọ látinú Nàìjíríà. Ìyẹn orúkọ tí ẹni ńlá jókòó tó sì ronú sí. Ti kọ́bọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí aláṣẹ kankan tó hùmọ̀ rẹ̀. Orúkọ tí ìyá aláta ti ń pè láti ayé bàbá rẹ̀ ni ìjọba wá gbà, tí wọ́n kọ sínú òfin, tí wọ́n sì tẹ̀ sára owó. Gánà ti ṣe tirẹ̀ ní 1965: sídì ni wọ́n mú, látinú ọ̀rọ̀ Akan tó ń jẹ́ owó ẹyọ, wọ́n sì pe kékeré rẹ̀ ní pẹsẹwa. Sẹrà Líónì mú léónì ní 1964, wọ́n fi sẹ́ẹ̀ńtì sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé ti Gánà ló sàn jù, torí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Àmọ́ mi ò gbà pé kọ́bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀. Ẹnu ìbílẹ̀ ló gé e, òun ló rán an, òun ló sì wọ̀ ọ́ gbó.

Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ ní 1973 rú àwọn àgbà lójú díẹ̀. Náírà kan gba ipò ṣílè mẹ́wàá, ṣílè mẹ́wàá sì jẹ́ 120 pẹ́nì. Ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ tuntun ló wà nínú náírà, nítorí náà kọ́bọ̀ tuntun fi díẹ̀ ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Sísì bá kọ́bọ̀ márùn-ún dọ́gba géérégé, ṣílè bá kọ́bọ̀ mẹ́wàá dọ́gba. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn tí ṣílè ti lọ. Tọ́rọ́ ni kò ríbi dúró sí. Kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ni ì bá jẹ́, kò sì sí owó tí wọ́n rọ fún iye yẹn.

Ọ̀rọ̀ copper tún padà wá sí ilẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wọ aṣọ mìíràn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, ẹ gbọ́ bó ṣe ń béèrè wáyà. Kọ́pà ló máa ní òun fẹ́, kò ní fẹ́ alumíníọ́ọ̀mù. Iye tí kọ́pà yìí ń lọ lágbàáyé, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là nínú oṣù karùn-ún 2024, wà lára ohun tó ń mú kí olè máa gé okùn iná láti ara ẹ̀rọ tiransifọ́mà, kí odindi àdúgbò wà lókùnkùn fún oṣù mélòó kan nítorí irin tí wọ́n á lọ tà ní ìwọ̀n. Ìyẹn dùn mí púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kọ́bọ̀ àti kọ́pà yìí, ọmọ ìyá kan tí wọ́n bí ní ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹnu àwọn tó gba kọ́bọ̀ kò tíì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu àwọn tó gba kọ́pà ti lọ sílé ìwé.

Kọ́pà mìíràn wà tí kò bá wọn tan rárá. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣòkòtò kákí tí ìjọba ń rán wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, kọ́pà là ń pè wọ́n. Inú corps ni tiwọn ti wá, corpus lédè Látìnì, ara èèyàn tàbí àwùjọ tó so pọ̀ bí ara kan. Ọdún 1973 tí kọ́bọ̀ di owó ìjọba náà ni ìjọba Gowon dá ètò wọn sílẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún.

Kí ló wá kù nínú kọ́bọ̀? Èyí tí wọ́n rọ ní 1973 ṣì jẹ́ idẹ líle pupa. Nígbà tó di 1991, irin lásán tí wọ́n fi bàbà pa lára ni. Ní 2007, wọ́n mú 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì jáde, kò sí kọ́bọ̀ kan mọ́ níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo lè na kọ́bọ̀ sí lọ́jà lónìí tó máa gbà á. Síbẹ̀, ẹ wo fóònù yín nígbà tí ẹ bá fowó ránṣẹ́ láti báńkì. Òdo méjì tó tẹ̀ lé àmì tó wà lẹ́yìn náírà, kọ́bọ̀ ni. Bí báńkì bá yọ ₦10.75 fún owó tí ẹ fi ránṣẹ́, kọ́bọ̀ 75 wà lára ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò sì lè fọwọ́ kàn láé.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ fi rán ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi ní Ìrẹ̀sì àti àyíká rẹ̀. Àwọn tó ná eépìnnì àti onínì ní ọjà wa kò pọ̀ mọ́. Ẹ lọ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ bi bàbá àti ìyá àgbà yín ní ohun tí onínì kan ń rà nígbà èwe wọn: ṣé àkàrà ni, ṣé ẹ̀pà ni, mélòó sì ni? Ẹ béèrè orúkọ tí Ìgbómìnà ń pe owó náà bó bá yàtọ̀ sí ti ará Ọ̀yọ́. Bí wọ́n bá ní kọ́bọ̀ oníhò nínú àpótí, ẹ wo ọdún tó wà lára rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá sọ, ní ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa ní ilé iṣẹ́ rédíò yìí, a ó kà á sórí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú orúkọ agbo ilé tó ti wá. Pọ́n-ùn ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.